Iye Àkùkọ Tó Yẹ Kó Wà Nínú Agbo Adìyẹ Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ adìyẹ ẹ̀yìnkùlé la fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àkùkọ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ilé, yálà n'Íbàdàn ni o tàbí l'Óṣogbo, ẹjọ́ kan náà lẹ ó máa gbọ́: ẹ̀yìn àgbébọ̀ bó, ẹyin ò pa, àwọn adìyẹ ń ṣe ara wọn léṣe, ará ilé kejì sì ń bínú. Bí ẹ bá ka àkùkọ tó wà nínú agbo náà, ẹ ó sábà rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Àgbébọ̀ ò nílò àkùkọ kó tó yé ẹyin. Bó bá jẹ́ ẹyin jíjẹ nìkan lẹ ń wá, tí fèrèsé yàrá aládùúgbò sì kọjú sí ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ má sin àkùkọ rárá. Ẹni tó fẹ́ kí adìyẹ òun máa pa ọmọ ló nílò rẹ̀, àkùkọ 1 sì tó fún àgbébọ̀ 8 sí 10. Bí àgbébọ̀ bá jẹ́ 3 péré, àkùkọ á máa gùn wọ́n láìsinmi, ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn á bó, èékánná rẹ̀ á sì máa ya awọ wọn. Ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ tó wá oògùn kankan. Ibi tí ìyẹ́ ti fà tu á hù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n èyí tó kán, tí ìdí rẹ̀ ṣì wà lára, ó di ìgbà tí adìyẹ náà bá pààrọ̀ ìyẹ́.

Ìgbà tí ẹyin bá pa ni àkùkọ ń di púpọ̀. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ lè sàba ẹyin 8 sí 12, ó sì ń pa wọ́n ní ọjọ́ 21. Nǹkan bí ìdajì òròmọdìyẹ yẹn ni yóò jẹ́ akọ. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ogbe orí akọ á ti máa pọ́n, á sì tóbi ju ti abo lọ, àmọ́ ogbe máa ń tanni jẹ. Ìyẹ́ ọrùn àti ti ìbàdí ló dájú jù: ti akọ ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, ti abo rí roboto. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 lẹ ó ti máa rí i. Kí wọ́n tó pé oṣù 5, ẹ ti mọ èyí tó máa dúró, kí ẹ sì ta ìyókù tàbí kí ẹ pa wọ́n jẹ. Ẹyin tí àgbébọ̀ bá jókòó lé ní àárín oṣù kẹfà á pa ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Àwọn akọ inú rẹ̀ á ti lé ní oṣù 5 nígbà Kérésì, tí owó àkùkọ máa ń gbéra. Ẹni tó fi àkùkọ márùn-ún sílẹ̀ nítorí pé wọ́n rẹwà, àgbàdo ló ń fi ṣòfò.

Èwo ni kó dúró? Kì í ṣe dandan kó jẹ́ èyí tó sanra jù. Ẹ wo èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí ojú rẹ̀ mọ́, tó ń ké pe àwọn abo tó bá rí oúnjẹ, tó sì ń gbójú sókè wo àwòdì. Kó má ṣe jẹ́ ọmọ ìyá àwọn àgbébọ̀ tó máa gùn. Bí ẹbí bá ń gun ẹbí láti ìran dé ìran, ẹyin tó ń pa á máa dínkù, òròmọdìyẹ á sì máa rù. Ẹ bá ẹni tó wà ní àdúgbò mìíràn pààrọ̀ àkùkọ, tàbí kí ẹ ra FUNAAB Alpha, tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta mú jáde láti ara adìyẹ ìbílẹ̀.

Àkùkọ tó ń gbéjà ko èèyàn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 4 sí 6. Á rẹ ìyẹ́ apá kan sílẹ̀, á máa jó lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó fò mọ́ ẹsẹ̀. Èyí tí àwọn ọmọdé ń gbé jó láti kékeré ló máa ń burú jù, torí kò bẹ̀rù èèyàn mọ́. Ẹ má ta á nípàá, ẹ má sì sá: bí ẹ bá ta á, ìjà lẹ gbà, bí ẹ bá sá, òun ló borí. Ẹ dúró, ẹ rọra gbé e, ẹ fi há abíyá títí ara rẹ̀ á fi rọ̀. Àwọn kan á jáwọ́ níbẹ̀. Èyí tó bá fò mọ́ ojú ọmọdé, ìkòkò ọbẹ̀ ló yẹ ẹ́, kí ẹ má sì fi irú rẹ̀ sílẹ̀ láti bí ọmọ. Èékánná gígùn ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní egungun àti ẹ̀jẹ̀ nínú, nítorí náà ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi fáìlì rin, ní alẹ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀.

Ní ti kíkọ, àwọn onímọ̀ ní Nagoya ní Japan fi hàn ní 2013 pé aago kan wà nínú ara àkùkọ tó ń mú un kọ ní òwúrọ̀, kódà nínú òkùnkùn. Nítorí náà, aṣọ dúdú tí ẹ fi bo ilé adìyẹ ò ní í dá a dúró. Ohun tó ń dín ariwo kù ni kí àkùkọ jẹ́ 1, torí pé bí ọ̀kan bá kọ, èkejì á dá a lóhùn. Ẹ sì gbé ilé adìyẹ jìnnà sí ògiri yàrá àwọn ẹlòmíràn.

Ilé adìyẹ ò ṣòro kọ́. Àyè ẹsẹ̀ bàtà 1 níbùú, 3 sí 4 lóòró, fún adìyẹ kọ̀ọ̀kan, igi ìwọ̀ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3, ínǹṣì 8 sí 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lórí rẹ̀. Kí igi náà le, kó má mì. Ẹ kúkú mọ ti adìyẹ tó bà lókùn. Àpótí ìyéyin 1 tó fún àgbébọ̀ 4 sí 5.

Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Àgbàdo nìkan ò ní èròjà amúaradàgbà tó. Layer mash, oúnjẹ àgbébọ̀ tó ń yé, ní kálísíọ̀mù tó tó 3.5 sí 4 nínú 100, èyí tó pọ̀ jù fún àkùkọ, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ bó bá pẹ́. Bí àkùkọ àti àgbébọ̀ bá jọ ń jẹun, ẹ fún gbogbo wọn ní grower mash, oúnjẹ adìyẹ tó ń dàgbà, kí ẹ sì gbé ìkarahun ìsáwùrú tí ẹ ti gún sínú abọ́ mìíràn. Àgbébọ̀ tó nílò rẹ̀ á lọ ṣà á jẹ. Àkùkọ kì í sábà yà síbẹ̀.

Àrùn lúkúlúkú (Newcastle) ló ń pa agbo run, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ ti fún wọn ní oògùn àjẹsára kí oṣù kọkànlá tó dé. Èyí tí wọ́n ń pè ní I-2, tí iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe, ẹ̀kán 1 sójú adìyẹ ni, àtúnṣe rẹ̀ sì ń wáyé lẹ́yìn oṣù 3 sí 4. Yìnyín ni kí ẹ fi gbé e wálé. Oògùn tí oòrùn ti pa ò yàtọ̀ sí omi lásán.

Bí ẹ bá mú àkùkọ tuntun dé, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, kí àwo omi rẹ̀ má ṣe kan ti àwọn yòókù. Ẹ gbé e sórí igi ìwọ̀ ní alẹ́, lẹ́yìn tí ẹ ti mú ti àtijọ́ kúrò. Àtọ̀ àkùkọ àtijọ́ ṣì lè wà nínú àgbébọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ jẹ ẹyin ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ kọ ọjọ́ sára ẹyin tí ẹ fẹ́ kó pa, ẹ dojú ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kọ ilẹ̀ níbi tó tutù, kó má sì ju ọjọ́ 7 lọ kí ẹ tó gbé e sábẹ́ àgbébọ̀. Ní ọjọ́ keje tó ti ń sàba, ẹ fi iná fóònù yẹ̀ ẹ́ wò nínú òkùnkùn: èyí tí ẹ bá rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, ẹ dá a padà, èyí tó mọ́ gaara, ẹ gbé e kúrò.