Imú Rẹ Ló Ń Da Òòfà Láàmú

KÚNLÉ: Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Èmi Kúnlé ni, láti Houston. Àǹtí Tóyìn wà ní Leeds, iṣẹ́ wọn ni láti máa fi MRI, ẹ̀rọ olóòfà tó ń yàwòrán inú ara, ya àwọn aláìsàn. Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ òru àná.

TÓYÌN: O ṣeun, àbúrò mi. Oorun ṣì ń kùn mí, àmọ́ jẹ́ ká sọ ọ́.

KÚNLÉ: Wọ́n fi MRI ya ọpọlọ mi lóṣù tó kọjá. Nígbà tí wọ́n fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà, ibì kan dúdú kirikiri lókè ojú mi. Àyà mi já! Mo ní àbí ọpọlọ ti jò dànù ni?

TÓYÌN: (ẹ̀rín) Ọpọlọ rẹ wà níbẹ̀ jàre. Imú rẹ ló fà á.

KÚNLÉ: Imú kẹ̀?

TÓYÌN: Òòfà inú ẹ̀rọ tí mò ń lò, Tesla 3 ni; Tesla la fi ń wọn agbára òòfà. Ó fi nǹkan bí ìlọ́po 60,000 lágbára ju òòfà ilẹ̀ ayé tó ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Kí ẹnikẹ́ni tó wọnú rẹ̀, wọ́n ti tún un ṣe débi pé ìyàtọ̀ agbára rẹ̀ láti ibì kan sí ìkejì láàárín rẹ̀ kò tó ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù. Ìgbà tó o gbé orí rẹ wọlé ló dàrú.

KÚNLÉ: Ẹ fẹ́ sọ pé orí burúkú ni mo gbé wá?

TÓYÌN: Gbogbo orí ló rí bẹ́ẹ̀! Omi ló pọ̀ jù nínú ọpọlọ, omi sì máa ń kọ òòfà díẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò wà nínú egungun lẹ́yìn imú, òmíràn wà lẹ́bàá etí, afẹ́fẹ́ ló kún inú wọn. Níbi tí afẹ́fẹ́ àti ẹran ara ti pàdé, òòfà á wọ́. Háídrójìn inú omi ara ló ń kọrin tí ẹ̀rọ ń gbọ́. Bí òòfà bá ti wọ́, ohùn wọn ò ní dọ́gba mọ́.

KÚNLÉ: Bí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí kò wá sí ìdánrawò.

TÓYÌN: Wọ́n á máa pa ohùn ara wọn, ẹ̀rọ ò ní gbọ́ nǹkan kan, ibẹ̀ á dúdú.

KÚNLÉ: Kò wá sí àtúnṣe?

TÓYÌN: Ó wà. Shim la ń pè é. Orúkọ pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń há sábẹ́ nǹkan ni, kó lè dúró déédéé.

KÚNLÉ: Bíi páálí tí màmá wa ń ṣẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì!

TÓYÌN: Òun náà ni. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ti há irin wẹ́wẹ́ sí i, àmọ́ ìyẹn ò lè máa yí padà fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Wáyà tí wọ́n ká ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ wo bí òòfà ṣe wọ́ nínú orí onítọ̀hún, á ṣírò iye iná tó yẹ kó gba inú wáyà kọ̀ọ̀kan kí òòfà lè tún dọ́gba.

KÚNLÉ: Kí ló dé tí tèmi ṣì dúdú?

TÓYÌN: Àwọn wáyà yẹn tóbi, wọ́n sì jìnnà sórí. Ta ló ń fi ọkọ́ ha igun ìkòkò? Ní nǹkan bí ọdún 2003, Wilson àti Jezzard ní Oxford gbé graphite sẹ́nu àwọn èèyàn, ọmọ ìyá èyí tó wà nínú pẹ́ńsù, kó lè tún òòfà ibẹ̀ ṣe láti ìsàlẹ̀.

KÚNLÉ: Sẹ́nu!

TÓYÌN: Ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ èmi ò ní lè sọ fún ìyá àgbà kan pé kó la ẹnu. Èyí tí mo fẹ́ràn ni ti Juchem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale, lọ́dún 2011: wáyà kéékèèké púpọ̀ yí orí ká, tí iná tirẹ̀ ń lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tesla 7 ni wọ́n lò. Bẹ́ẹ̀, bí òòfà bá ṣe lágbára tó ni wíwọ́ rẹ̀ ń pọ̀ tó.

KÚNLÉ: Kí làwa lè ṣe?

TÓYÌN: Ẹ yọ irin! Irin náà máa ń mú kí òòfà wọ́. Obìnrin kan búra fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kò sí nǹkan kan lára òun. Mo fọwọ́ kan wíìgì rẹ̀, kílíìpù mẹ́rin.

KÚNLÉ: Ìyàwó mi ń gbọ́ o.