Òógùn Tí Kò Gbẹ

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Kubwa, ní Lugbe, ní Gwarinpa, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti há sínú gósíló Nyanya. Ọlọ́run á yọ yín. Èmi ni Káyọ̀dé. Ọ̀rọ̀ eré ìje ló wà nílẹ̀ lónìí. Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ sá maratọ́ọ̀nù nínú ọgbà Mickey Mouse ní Amẹ́ríkà lóṣù Kìíní, wọ́n sì ti ń ṣèlérí látìgbà náà pé àwọn á ròyìn ẹ̀ fún wa. Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀bùn mi dà?

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Ẹ̀bùn rẹ wà lọ́dọ̀ ẹni tó lọ ra mílíìkì.

KÁYỌ̀DÉ: Háà! A ò tíì lo ìṣẹ́jú kan o.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé mi ò tíì gbàgbé ni. Láti Sátidé, bí mo bá ti dùbúlẹ̀, agolo mílíìkì yẹn ni mò ń rí.

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, Florida la bá dé ibí.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Ó dáa. Florida. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ń sá eré Disney yẹn, oṣù Kìíní ni wọ́n máa ń fi í sí. Kìlómítà 42 àti díẹ̀, ọgbà mẹ́rin lẹ sì máa gbà kọjá: Magic Kingdom, Animal Kingdom, Hollywood Studios, kẹ́ ẹ tó wá parí sí EPCOT. Agogo márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà láti agogo méjì òru ni ìyàwó bùọ̀dá mi ti jí mi. Ìrẹsì ló sè fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní òun ò ní fún mi ní àmàlà kí n má baà...

KÁYỌ̀DÉ: Àmàlà! Ṣé wọ́n jẹ́ kí èlùbọ́ yẹn wọlé?

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Ó wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n tú u, wọ́n gbọ́ òórùn ẹ̀, wọ́n pe ara wọn jọ. Ọ̀gá wọn bi mí léèrè ohun tó jẹ́, mo ní iṣu ni. Ó wo ìyẹ̀fun dúdú yẹn, ó wò mí. "Yam?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

KÁYỌ̀DÉ: (Ẹ̀rín) Ẹni tó bá ti gbé èlùbọ́ kọjá rí, ẹ nawọ́ sókè níbi tẹ́ ẹ wà.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Jẹ́ n sọ̀rọ̀. O mọ bí mo ṣe múra. Láti oṣù Kẹwàá, etí adágún Jabi ní agogo márùn-ún. Nígbà tí oṣù Kejìlá wọlé, ọyẹ́ dé, ètè gbogbo wa bẹ́, a ń wọ súwẹ́tà sáré. Àwọn tó ti lọ rí sọ fún mi pé Florida náà lè tutù lóṣù Kìíní, pé àwọn mìíràn máa ń wọ aṣọ àlòkù lọ síbi ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì bọ́ ọ sílẹ̀ tí eré bá ti gbéra. Ni mo bá ra ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ onírun, Káyọ̀dé! Ìgbà tá a máa ṣílẹ̀kùn jáde lóru ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ tó kọlù mí lójú, bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín ló rí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ o. Mi ò tíì sá ìṣísẹ̀ kan, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn.

KÁYỌ̀DÉ: Ṣùgbọ́n Àǹtí, kí n sòótọ́, ọmọ Abuja ni yín. Ẹni tó ti gbé oṣù Kẹta níbí láìsí iná, tó ń sùn lórí símẹ́ǹtì, kí ni ooru Florida fẹ́ fi ṣe é?

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Ohun tó o sọ fún mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn. Mo wà ní máìlì kọkànlá, mo ti ń rò ó pé kí n máa rìn díẹ̀, mo ṣí fóònù, ohùn rẹ ló jáde: "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀yìn wa o, ooru ilé wa ju tiwọn lọ!" Ìgbéraga wọ̀ mí. Mo tún ki eré mọ́lẹ̀.

KÁYỌ̀DÉ: Mo ń gbà yín níyànjú ni!

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, èmi náà sì gbà á gbọ́. Òógùn tó ń jáde lára kọ́ ló ń tu ara. Gbígbẹ tí òógùn yẹn ń gbẹ ló ń tu ú. Sá aṣọ sórí okùn ní Kano lóṣù Kìíní, kó o tó wọlé ó ti gan. Sá a ní Èkó lóṣù Keje, ọjọ́ kejì ó ṣì tutù, ó ti ń rùn. Bí ara ṣe rí náà nìyẹn. Níbí, nígbà ọyẹ́, mo máa ń sáré wákàtí méjì, iyọ̀ funfun nìkan ni màá rí níwájú orí mi, mi ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé mo làágùn. Ní Florida, ọ̀rinrin ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ mi bí ẹ̀rọ omi tí kò pa dé, kò sì tu mí rárá. Omi ara mi ń lọ, ooru ara mi dúró.

KÁYỌ̀DÉ: Kí ló wá dé tí àwọn ará Kenya ń gbà á níbi gbogbo? Ṣé àwọn kì í làágùn ni?

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Orí òkè ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń múra, ibi tó tutù. Tó bá jẹ́ torí òkè, Jos ló yẹ ká lọ máa sáré, kì í ṣe Jabi. Jẹ́ n sọ nǹkan kan fún ẹ. Ní Doha, 2019, níbi ìdíje àgbáyé, ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n gbé maratọ́ọ̀nù àwọn obìnrin sí kí ooru lè rọlẹ̀. Obìnrin 68 ló gbéra. 40 ló dé òpin. Àwọn tó mọ eré jù láyé nìyẹn o, àwọn tó kù, inú kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n ti ń gbé àwọn míì lára wọn.

KÁYỌ̀DÉ: Ta ló gba ipò kìíní?

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Ruth Chepngetich.

KÁYỌ̀DÉ: Ará ibo ni?

MỌ́RẸ́NIKẸ́: ...Kenya.

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ ṣeun, Àǹtí mi.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: (Ẹ̀rín) Dákẹ́! Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 32 ló fi sá a. Lóṣù Kìíní ọdún kan náà, ní Dubai, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 17 ló fi sá eré kan náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko! Ooru ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

KÁYỌ̀DÉ: Mo gbà. Ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ ará Kenya. Ẹ sọ ti ọgbà fún wa jàre. Ẹ rí ààfin yẹn?

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Mo rí i. Ilẹ̀ ṣì ṣú nígbà tá a dé ibẹ̀, wọ́n tan iná sí i lára, inú ẹ̀ la gbà kọjá. Mo sunkún. Mo rántí ìgbà tí mo máa ń mú àwọn ọmọ lọ sí Magicland níbí nígbà tó ṣì ń jẹ́ Wonderland, tí èyí àkọ́bí máa ń bi mí pé ìgbà wo la máa lọ sí "ti gidi." Ó ti wà ní yunifásítì báyìí. Èmi ni mo wá lọ. Àwọn èèyàn sì wà níbẹ̀ tí wọn ò wá torí àkókò rárá! Wọ́n á tò sórí ìlà láti bá Goofy ya fọ́tò. Ní Animal Kingdom, àwọn kan fi eré sílẹ̀, wọ́n lọ gun ọkọ̀ tó ń yí lórí òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń bá ìrìn wọn lọ.

KÁYỌ̀DÉ: Wọn ò lé wọn?

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Ìṣẹ́jú 16 fún máìlì kan ni wọ́n fún yín. Tẹ́ ẹ bá ti ṣáájú ìyẹn, ẹ máa ṣeré yín. Àwọn obìnrin kan tó so bàlúùnù mọ́ra ló ń rìn lẹ́yìn pátápátá. Tí bàlúùnù bá kọjá rẹ, bọ́ọ̀sì ló kàn. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ọgbà, ọgbà ni wọ́n ń pariwo. Títì ọlọ́dà ló pọ̀ jù níbẹ̀! Láti ọgbà kan dé èkejì, ojú títì lásán, kò sí igi tó ṣíji bò yín. Nígbà tí oòrùn yọ, ooru ń ti òkè bọ̀, ó ń ti ilẹ̀ bọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọkùnrin yẹn.

KÁYỌ̀DÉ: Ti aṣọ béárì.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Ti aṣọ béárì. Aṣọ onírun láti ọrùn dé kókósẹ̀, ó ra á nígbà tó rò pé òtútù máa mú, bí èmi ṣe ra ìbọ̀wọ́. Ó ń sá lọ níwájú mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì. Mo bá a, mo ní "sir, how far?" Ó yíjú sí mi, ojú ẹ̀ ò rí mi. Ó bi mí pé ṣé bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti lọ. Àgbàlagbà! Mo fọwọ́ kan apá ẹ̀, ó gbóná bí ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀. Mo figbe ta. Àwọn oníṣègùn sáré dé, wọ́n já aṣọ yẹn lára ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sínú àgọ́ wọn, wọ́n rì í sínú ọpọ́n ńlá tó kún fún omi àti yìnyín, orí ẹ̀ nìkan ló kù síta. Mo ní ṣé wọn ò ní gbé e lọ sí ọsibítù ni? Nọ́ọ̀sì kan ní ara ló máa kọ́kọ́ tutù ná, ọkọ̀ á dúró dè é, pé tí ooru ara bá ti kọjá 40 dígírì, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ń ba ọpọlọ jẹ́. Ọmọdébìnrin kan ń gbé aṣọ náà lọ, etí béárì méjèèjì yọ síta lábẹ́ apá ẹ̀. Nígbà tí màá fi kúrò níbẹ̀, ọkùnrin náà ti ń sọ orúkọ ìyàwó ẹ̀ fún wọn.

KÁYỌ̀DÉ: Àǹtí, mo ti mọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: O mọ̀ ọ́n. Sátidé, ní Jabi. Agogo márùn-ún ààbọ̀ la dá, agogo mẹ́jọ la gbéra.

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ má wò mí, ọ̀nà Kubwa ni.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Mi ò wò ẹ́. Oṣù Kẹta, agogo mẹ́wàá, ọmọkùnrin yẹn ṣubú lulẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó ń sọ kántankàntan, gẹ́gẹ́ bí aláṣọ béárì. Mo wólẹ̀ tì í, mo ní ẹ bá mi wá omi, ẹ bá mi wá yìnyín. Kí ni mo gbọ́? "Mílíìkì! Ẹ wá mílíìkì!" Ẹnì kan ní ká wá epo pupa. Ẹlòmíì ń fi Bíbélì fẹ́ ẹ. Káyọ̀dé tiwa ti gun ọ̀kadà.

KÁYỌ̀DÉ: Mo fẹ́ gba ẹ̀mí ẹ̀ là ni! Àǹtí, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀. Ní ilé wa ní Ìlọrin, ẹni tó bá dákú, mílíìkì ni ìyá àgbà mi ń fún un. Wọn ò pa ẹnì kankan.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni mílíìkì yẹn máa gbà lọ!

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ gbá agolo yẹn dànù lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn, ẹ ní "ṣé o fẹ́ pa á ni?" Mo ti sáré lọ, mo sáré bọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi ni ọmọ yẹn.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Ó rí bẹ́ẹ̀.

KÁYỌ̀DÉ: Ó dùn mí.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Má bínú. Mo pariwo mọ́ ẹ. Ẹ̀rù ló bà mí, mo rí ojú ọkùnrin ọjọ́ yẹn lójú ọmọ yẹn. Kò yẹ kí n pè ọ́ ní apànìyàn. Má bínú, àbúrò mi.

KÁYỌ̀DÉ: Ó ti tán, Àǹtí.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n dárúkọ ẹni tó ṣe é. Mẹ́ruwà. Ọmọ Hausa kan tó ń ti ọmọlanke ẹ̀ kọjá, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá lórí ẹ̀. Kò béèrè owó. Ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní "Hajiya, ruwa," ó sì ṣí kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sí i lára láti àyà dé ẹsẹ̀. Mo ní kó má dáwọ́ dúró. A bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ náà, àwa tó kù ń fi aṣọ fẹ́ ẹ. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà! Ní ìkẹfà ló bi mí pé kí ló dé tí òun tutù. Ìgbà náà la tó gbé e lọ sí ọsibítù.

KÁYỌ̀DÉ: Ó pè mí láàárọ̀ yìí. Ara ẹ̀ ti yá, ó ní òun fẹ́ sáré Sátidé.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Kò ní sáré. Sọ fún un. Ó máa tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí ara ẹni tó yá pàápàá tó mọ ooru mọ́ra, ká má tíì wá sọ ti ẹni tó ṣubú. Ẹ̀yin tó kù, agogo márùn-ún ààbọ̀. Màá ra yìnyín lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja ní Utako, á wà nínú kúlà lẹ́yìn mọ́tò mi. Mo sì ti gba nọ́ńbà mẹ́ruwà yẹn.

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ bi mí ní ohun kan.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Kí ni?

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ bi mí pé níbo ni mílíìkì yẹn wà.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Káyọ̀dé.

KÁYỌ̀DÉ: Mo ṣà á nílẹ̀. Kò fọ́. Mo fi mu gàrí.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: (Ẹ̀rín) Olúwa o! Lọ́jọ́ yẹn?

KÁYỌ̀DÉ: Àárẹ̀ ti mú mi! Ẹ ẹ̀ tiẹ̀ tíì sọ fún wa bóyá ẹ parí eré yẹn.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Mo parí o! Mo rìn ju bí mo ṣe sáré lọ, bàlúùnù ò sì rí mi mú. Ní EPCOT, wọ́n kọ́ orílẹ̀-èdè mọ́kànlá yí omi ká. Mo ń wá tiwa kiri, Mòrókò nìkan ni mo rí tó jẹ́ ti Áfíríkà.

KÁYỌ̀DÉ: Ká ní wọ́n kọ́ tiwa, jẹnẹrétọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Kó o sì gbóòórùn sùyà. Ó kù díẹ̀ kí n dé òpin ni mo gbọ́ ẹgbẹ́ akọrin gospel, wọ́n wọ aṣọ akọrin gbọọrọ nínú ooru yẹn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ wọn, bí ẹni tó dé ìsọjí òru ni mo ṣe. Mo jó wọlé. Ó yá, na ọwọ́ rẹ, gba ẹ̀bùn rẹ.

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ ṣeun, mà. Ó fúyẹ́ o. Kí ni... Àǹtí!

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Wọ̀ ọ́ wò.

KÁYỌ̀DÉ: Ìbọ̀wọ́! Ẹ̀yin èèyàn, ìbọ̀wọ́ onírun ni wọ́n kó fún mi, ní Abuja, lóṣù Kẹta!

MỌ́RẸ́NIKẸ́: Ó máa wúlò fún ẹ tí ọyẹ́ bá dé.