Ọmọ tó ju bàbá ẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ sọ l'Ájàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bá wa jókòó náà, ẹ ṣeun. Ní Àjàṣẹ́ wa yìí, inú agboolé kan náà lẹ máa bá ìmàle, onígbàgbọ́ àti olórìṣà, a jọ ń jẹun ọdún ara wa ni, torí náà ìbéèrè pé "ṣé Bíbélì yín yìí ò takora báyìí" kì í ṣe tuntun sí wa. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kíá la ti máa ń fàbínú yọ, tàbí ká ní "ìgbàgbọ́ ṣáà ni o", ká fi dí ọmọlọ́mọ lẹ́nu.

Ẹ ṣí 2 Kroníkà 21, ẹsẹ 20. Jehoramu, ọba Júdà, gorí oyè lẹ́ni ọdún 32, ó lo ọdún 8, ó kú. Ẹni 40 nìyẹn àbí? Ó dáa, ẹ ṣí orí tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ 2: Ahasiah ọmọ ẹ̀, àbíkẹ́yìn pàápàá, gorí oyè lẹ́ni ọdún 42. Ọmọ wá fi ọdún méjì ju bàbá tó bí i lọ! Ẹ rẹ́rìn-ín, kò léèwọ̀. 2 Àwọn Ọba 8:26 ní 22 ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé yìí kọ látayébáyé, akọ̀wé kan ló ṣi nọ́ńbà kọ, àwọn Bíbélì tuntun kan tiẹ̀ ti fi 22 síbẹ̀. Ó tán.

Ti Júdásì ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Mátíù ní ó da owó tó gbà láti fi ta Jésù sílẹ̀ nínú tẹ́ńpìlì, ó lọ pokùnso, àwọn olórí àlùfáà ló fowó náà ra ilẹ̀. Ìṣe Àpọ́sítélì orí 1 ní òun fúnra ẹ̀ ló ra ilẹ̀, ó ṣubú, ikùn ẹ̀ bẹ́. Àwọn kan á ní okùn ló já tó fi ṣubú. Ta ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Kò sí nínú Mátíù, kò sí nínú Ìṣe, ẹ ti kọ tiyín nìyẹn, okùn tó já ò sì sọ ẹni tó ra ilẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 170, Tatian ará Síríà ti pa Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sójú kan, àwọn ìjọ ibẹ̀ kà á pẹ́ gan-an, síbẹ̀ mẹ́rin náà ni ìjọ padà dì mú, pẹ̀lú gbogbo ìyàtọ̀ wọn. Wọ́n rí i, wọn ò fojú pa mọ́.

Ẹ wo tiwa náà: bí wọ́n bá ń sọ ìtàn bí Dànhọ̀mẹ̀ ṣe kó Kétu lọ́dún 1886, agboolé kọ̀ọ̀kan ló máa kọ́kọ́ sọ tàwọn èèyàn ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ ní ogun ò jà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ìtàn agboolé kọ́, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Òótọ́. Kí wá la fẹ́ ṣe sí ti ọba Dáfídì tó ka iye àwọn èèyàn ẹ̀, tó sì di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn? 2 Samuẹli 24 ní ìbínú Olúwa ló tì í, 1 Kroníkà 21 ní Sátánì ni. Èyí kì í ṣe ká ní akọ̀wé ṣì í kọ, ẹni tó kọ̀wé lẹ́yìn ni kò lè fẹnu ẹ̀ sọ pé Ọlọ́run ló ti èèyàn sẹ́ṣẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ náà jìjàkadì bíi tiwa.

Ẹni tó ní nọ́ńbà kan yẹ̀, irọ́ ni gbogbo ẹ̀, àti pásítọ̀ tó ní kò sí èyí tó yẹ̀, ibì kan náà ni wọ́n gbé ìgbàgbọ́ kà, orí nọ́ńbà. Bàbá inú Máàkù 9, tó mú ọmọ ẹ̀ tó ń ṣàìsàn wá bá Jésù, ò gbé e síbẹ̀. Ó sunkún, ó ní "mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́". Jésù ò ní kó lọ yanjú àìgbàgbọ́ ẹ̀ ná kó tó padà wá, ojú ẹsẹ̀ ló wo ọmọ ẹ̀ sàn.

Ó yá, ta ló ní ìbéèrè?