Lẹ́tà Kan Ṣoṣo Nínú Ẹ̀jẹ̀: Àtúnyẹ̀wò Bàyọ́lọ́jì fún Àwọn Ọmọ SS3

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin òbí tó tẹ̀lé ọmọ yín wá, mo kí yín o. Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sì mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe: ẹ ti pín ìwé bàyọ́lọ́jì sí orí-orí, ẹ sì ń há wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àjogúnbá lọ́jọ́ Rú. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, sẹ́ẹ̀lì ti fò lọ.

N kò ní bá yín há nǹkan kan lónìí. Ohun kan péré la óò tọ̀ lẹ́yìn, láti inú DNA, ìwé àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, títí dé àárín ìlú, ẹ ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ orí inú ìwé yín ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ohun náà ni àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn sickle cell. N kò rò pé ẹnì kan wà níjòókòó yìí tí kò mọ ìdílé tó kàn. Ilé ìjọsìn ń béèrè jẹ́nótáìpù (AA, AS tàbí SS) kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń béèrè rẹ̀ kí ìfẹ́ tó wọra. Ẹ̀rí ni pé bàyọ́lọ́jì ti wà nínú ọ̀rọ̀ ilé wa tipẹ́.

Ibi tí lẹ́tà náà wà

Krómósómù 46, àwọn okùn tó ru DNA, ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ má gbàgbé àwọn tí òfin yìí kò mú. Àtọ̀ ọkùnrin àti ẹyin obìnrin ní 23 péré. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀ kò ní ẹyọ kan, nítorí ó ti ju núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀ nù kó tó jáde kúrò nínú mùdùnmúdùn eegun. Haemoglobin, èròjà tó ń gbé ọ́síjìn, ló fi kún àyè náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 270 nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá bi yín bí ìrísí sẹ́ẹ̀lì ṣe bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, ẹ ti ní ìdáhùn.

Haemoglobin ní ẹ̀wọ̀n mẹ́rin, alpha méjì àti beta méjì. Jíìnì tó ń darí ẹ̀wọ̀n beta wà lórí krómósómù 11. Lẹ́tà mẹ́rin ni DNA ní: A, T, G àti C. (A inú DNA kì í ṣe A inú AA o. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ ń da méjèèjì pọ̀.) Mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, mẹ́ta kọ̀ọ̀kan sì ń pe amino acid kan, èròjà kékeré tí wọ́n fi ń so ẹ̀wọ̀n náà. Amino acid 146 ló so pọ̀ di ẹ̀wọ̀n beta. Fún ẹ̀kẹfà nínú wọn, GAG ló yẹ kó wà nínú DNA, èyí tó ń pe glutamic acid. Nínú ẹ̀dà S, ìyẹn ẹ̀dà tó ń fa àrùn yìí (A ni a ń pe èyí tó pé), GTG ló wà níbẹ̀, valine sì ni GTG ń pè. Lẹ́tà kan ló yí padà láàárín nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta. Ìyẹn ni míútéṣọ̀nù.

Kí ló wá dé tí lẹ́tà kan fi lè da gbogbo ara rú? Glutamic acid ní agbára iná nẹ́gátíìfù, ó sì fẹ́ràn omi. Valine kò ní agbára iná kankan, ńṣe ló ń sá fómi. Nígbà tí haemoglobin bá ti tú ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀ fún ara, valine yìí á máa wá ibi tí yóò fara pamọ́ sí, ara haemoglobin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sì ń rí. Ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ èkejì, èkejì á lẹ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, títí wọn yóò fi di okùn líle gígùn tó ń ti ara sẹ́ẹ̀lì síta. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí róbótó, kó sì rọ̀, á tẹ̀ bíi dòjé.

James Herrick, dókítà kan ní Chicago, ló kọ́kọ́ kọ nípa ìrísí yìí ní 1910, lẹ́yìn tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ Grenada kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín níbẹ̀ wò. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi agbára iná fa haemoglobin, wọ́n sì rí i pé ti aláìsàn kì í rìn bíi ti ẹni tó lera. Ní 1956, Vernon Ingram ní Cambridge fi hàn pé amino acid kan ló fa ìyàtọ̀ náà. Ọgbọ́n Pauling yẹn, electrophoresis, ni ilé àyẹ̀wò ṣì ń lò títí dòní bí ẹ bá lọ yẹ jẹ́nótáìpù yín wò. Àmì tí ẹ ń rí lórí pépà náà kò ju bí haemoglobin S ṣe ń lọ́ra lẹ́yìn haemoglobin A nítorí agbára iná tó sọnù lára rẹ̀.

Ìdí tí dókítà fi ń sọ pé kí wọ́n mu omi

Ẹ rántí iṣu tí ẹ gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ ní láàbù, tí ẹ da iyọ̀ sí, tí ẹ sì gbé sínú omi. Omi gba ara iṣu wọ ihò náà. Ọ̀pọ̀ yín lè kọ ìtumọ̀ osmosis láìṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè ìdí tí òùngbẹ fi ń dá ìrora sílẹ̀ fún ẹni SS, ẹni tó gba S lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, ẹ ó dákẹ́.

Nígbà tí omi ara bá dín kù, omi tó yí sẹ́ẹ̀lì pupa ká á ki, omi inú sẹ́ẹ̀lì á sì máa jáde. Haemoglobin inú rẹ̀ á wá há gádígádí, àwọn S á súnmọ́ ara wọn, okùn líle á sì tètè so. Sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ yìí kò lè gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín kọjá, ó dí i pa. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, ọ́síjìn kò dé. Bí ọ́síjìn bá sì ti wọ́n níbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì míì náà á tún tẹ̀. Ìrora tó ń mú wọn légungun nìyẹn. Òtútù ń dá kún un, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń fún pọ̀ nínú òtútù. Ẹ ti fi ìbéèrè kan kọjá lára osmosis, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ àti pàṣípààrọ̀ ọ́síjìn, orí mẹ́ta nínú ìwé yín.

Sẹ́ẹ̀lì pupa tó dá ṣáṣá ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120. Ti ẹni SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Mùdùnmúdùn ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, síbẹ̀ kò bá a mọ́, ẹ̀jẹ̀ á wọ́n. Haemoglobin tó fọ́ lójoojúmọ́ á sì di ohun tó ń mú ojú pọ́n rúsúrúsú.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀, nítorí àwọn òbí. Àárín kíndìnrín jẹ́ ibi tí iyọ̀ pọ̀ sí, tí ọ́síjìn sì kéré, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì S máa ń tẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń ba ibẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kíndìnrín bẹ́ẹ̀ kò lè fa omi padà láti inú ìtọ̀ dáadáa mọ́. Ọmọ SS tó ń tọ̀ sórí ẹní kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe aláìgbọràn. Ẹ má nà án.

Mendel àti àwọn tó ń fẹ́ra

Gregor Mendel kò mọ DNA. Ewéko pea ló ń gbìn nínú ọgbà àwọn mọ́ńkì ní Brno, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1866. Ó rí i pé àmì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan, àti pé ẹ̀dà méjì náà máa ń pínyà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Meiosis tí ẹ ń ya àwòrán rẹ̀ ló ń ṣe ìpínyà yẹn. Bí ẹ bá ti rí i lójú inú pé krómósómù 11 méjì tó wà lára ẹni AS ń kọ ara wọn sílẹ̀, tí ọ̀kan gbé A lọ, tí èkejì gbé S lọ, òfin Mendel ti yé yín nìyẹn.

Ọkùnrin AS fẹ́ obìnrin AS. Ẹ ya àpótí Punnett, èyí tó ń fi oríṣi ọmọ tí wọ́n lè bí hàn: AA kan, AS méjì, SS kan. Kò sí ẹni tí kò lè yà á. Ohun tí wọ́n ń rò pé ó túmọ̀ sí ni wàhálà. Àwọn àgbàlagbà tó kàwé pàápàá ń sọ ọ́: “A ti bí SS kan, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́.” Rárá o. Dáìsì lúdò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já sí mẹ́fà kò rántí pé òun já sí mẹ́fà, oyún kejì náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oyún àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àǹfààní pé ọmọ kan kò ní jẹ́ SS jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin. Fún ọmọ mẹ́rin, ẹ fi 3/4 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ó rí 81/256, tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ tó bí ọmọ mẹ́rin, bíi méjì nínú mẹ́ta ni yóò ní ọmọ SS, ó kéré tán ẹyọ kan. Àwọn tó yè é ni ẹ máa ń gbọ́ ohùn wọn: “AS àti AS ni àwa náà, nǹkan kan ò ṣe àwọn ọmọ wa.” Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ẹni tó bọ́ ló ń ròyìn.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ gbọ́dọ̀ fi C, ẹ̀dà kẹta, kún un. Ipò kẹfà yẹn kan náà ni, àmọ́ lẹ́tà míì ló yí padà níbẹ̀: GAG di AAG, lysine sì wọlé. C wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju bó ṣe wọ́pọ̀ ní ìlà-oòrùn odò Ọya lọ. AS àti AC lè bí SC, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà sì ni SC, bí kì í bá tiẹ̀ í sábà le tó SS. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń wo S nìkan lórí pépà. Nípa ti “O pọ́sítíìfù” tí àwọn kan ń kọ síbi tí wọ́n ti béèrè jẹ́nótáìpù, irú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ gbáà ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbé dání lọ sílé nìyí. Ẹ ti há a pé S jẹ́ recessive, ẹ̀dà tí kì í fara hàn àfi bó bá pé méjì. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bí a bá ń wo àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni, ẹni AS kì í ṣàìsàn náà. Bí a bá wo haemoglobin inú sẹ́ẹ̀lì ẹni AS, A àti S jọ wà níbẹ̀, ilé àyẹ̀wò rí méjèèjì: codominance nìyẹn. Bí a bá wá wo ààbò lọ́wọ́ ibà, tí a ó dé orí rẹ̀ láìpẹ́, ẹ̀dà S kan ṣoṣo ti tó, S wá ń ṣe bíi dominant. Jíìnì kan náà ni. Ohun tí a ń wò ló ń pinnu orúkọ tí a ó fún un, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìbéèrè náà ń wò kí ẹ tó dáhùn.

Kí ló dé tí S kò parẹ́?

Kó tó di pé ilé ìwòsàn dé, ìwọ̀nba ọmọ SS ló ń dàgbà débi tí yóò bímọ. Lára àwọn ọmọ tí àwọn baba wa pè ní àbíkú, ó ṣòro fún mi láti gbà pé SS kò sí níbẹ̀. Ó yẹ kí S ti tán nílẹ̀. Síbẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló gbé e.

Anthony Allison, tó dàgbà ní Kenya, ló rí ìdáhùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1954. Ibi tí ibà ti ń jà kíkankíkan ni S pọ̀ sí. Plasmodium falciparum, kòkòrò tó ń fa ibà, kì í gbilẹ̀ dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ AS, nítorí náà ibà líle kì í tètè pa á. AA ń kú lọ́wọ́ ibà, SS ń kú lọ́wọ́ àrùn tirẹ̀, AS ló ń ṣẹ́kù jù. Ẹni AS ṣì lè ní ibà o, ẹ má ju nẹ́ẹ̀tì yín nù.

Ẹ má kọ ọ́ láéláé pé ibà ló dá S sílẹ̀ “kí ara lè dáàbò bo ara rẹ̀.” Àṣìṣe nínú àdàkọ DNA ló dá a sílẹ̀, láìmọ̀ pé ibà wà láyé. Ibà kàn ń yan ẹni tí yóò ṣẹ́kù ni. Frank Livingstone tún sọ ní 1958 pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ọwọ́ wa fúnra wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà: nígbà tí wọ́n ń ṣán igbó láti gbin iṣu ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, oòrùn ráyè wọlẹ̀, adágún omi pọ̀, ẹ̀fọn Anopheles sì rí ibi yé sí.

Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà, S bá wọn wọkọ̀. Lónìí, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́tàlá lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló gbé e. Àdàlù ìran wà lára ohun tó dín in kù, pé ibà tán níbẹ̀ sì wà lára rẹ̀: níbi tí ibà kò sí, S kò mú èrè kankan wá mọ́.

Ìbéèrè méjì

Ìyá kan béèrè ìdí tí ọmọ òun tó jẹ́ SS fi dára títí ó fi tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Mà, haemoglobin tí ọmọ ń lò nínú oyún kò ní ẹ̀wọ̀n beta rárá, gamma ló ní, ibi tí S wà kò sì kan gamma. Lẹ́yìn ìbí ni gamma ń dín kù díẹ̀díẹ̀, tí beta ń gba ipò rẹ̀. Orí èyí ni hydroxyurea tí dókítà ń kọ fún wọn ti ń ṣiṣẹ́: ó ń mú haemoglobin ìgbà oyún náà pọ̀ padà. Orí rẹ̀ náà ni Casgevy dúró lé, ìtọ́jú tí Britain fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá 2023, tí Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní oṣù tó tẹ̀lé e. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì tó ń dá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á fi CRISPR, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gé DNA, gé ohun tó ń pa gamma, wọ́n á sì dá a padà sí i lára. Mílíọ̀nù dọ́là 2.2 ni wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà. Owó yẹn kò sí lápò ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wá béèrè bóyá ẹni tí wọ́n fi Casgevy wò kò ní bí ọmọ SS mọ́. Ìbéèrè tó dáa jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn ni wọ́n fọwọ́ kàn. Wọn kò tilẹ̀ yí GTG padà sí GAG níbẹ̀, wọ́n kàn tún gamma tan ni. Sẹ́ẹ̀lì tó ń di àtọ̀ tàbí ẹyin kò gbọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. S ni yóò fi fún gbogbo ọmọ rẹ̀, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Bó bá sì fẹ́ AS, ẹ ya àpótí náà fúnra yín.