Ìnhélà àti ṣíngọ́ọ̀mù níkótíìnì: ibo loògùn yín ń balẹ̀ sí?

Ẹ mú ìnhélà yín dání, èyí aláwọ̀ búlúù tí gbogbo ayé ń pè ní Fẹ́ǹtólìn. Ẹ ṣí ìdérí ẹnu rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e sẹ́nu, ẹ yọjú wo inú rẹ̀. Mo ní kí ẹ wò ó! Ẹni tó bá ń jù ú sínú báàgì láìdé e, èèpo ẹ̀pà tàbí bọ́tìnì lè há síbẹ̀, ẹ ó sì fà á wọnú ẹ̀dọ̀fóró tààrà.

Ó dáa. Mi ò ní máa ṣàlàyé ohun tí àsímà, ikọ́ fée, jẹ́ fún yín. Ẹni tó bá ń wo fídíò yìí ti mọ bó ṣe máa ń dún láyà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé oògùn yìí kì í ṣe oògùn ọ̀fun, kì í sì í ṣe oògùn inú. Ẹ̀dọ̀fóró ló yẹ kó balẹ̀ sí. Ẹ̀DỌ̀FÓRÓ! Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé "ìnhélà ò ràn mí mọ́", ọ̀fun ni wọ́n ń fín in sí.

Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa. Oògùn àti gáàsì inú agolo yẹn máa ń yà sọ́tọ̀ tí wọ́n bá ti jókòó pẹ́, torí náà bí ẹ ò bá gbọ̀n ọ́n, ohun tó máa jáde ò ní déédéé. Tó bá jẹ́ tuntun, tàbí tó ti tó ọjọ́ 5 tí ẹ ti lò ó kẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dà sí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Wàyí o, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í ṣe rèé. Wọ́n á ya ẹnu, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ṣíìì, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mí sínú hàà, tagbáratagbára, bí ẹni tí wọ́n yọ nínú odò. Oògùn ti ṣòfò nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mí síta. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti kún tẹ́lẹ̀, àyè wo loògùn fẹ́ rí wọlé? Ẹ mí síta jẹ́jẹ́ títí afẹ́fẹ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kì í ṣe sínú ìnhélà o. Ẹ wá fi ètè dì í yíká, kí ahọ́n wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mí sínú, bí ẹ bá sì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má dúró. Ẹ máa mí sínú lọ, JẸ́JẸ́, fún ìṣẹ́jú àáyá 4 sí 5.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo jẹ́jẹ́? Ẹ wò ó, láti ẹnu dé ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, kọ́nà kan wà níbẹ̀, kọ́nà tó ṣẹ́ bí igun ilé. Ẹ̀yin náà ti rí dánfó tó fi eré àsápajúdé wọ kọ́nà rí. Ṣé ó ń gba kọ́nà ọ̀hún ni? Inú igbó ló ń já sí! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ loògùn tí ẹ fi agbára fà ṣe máa ń ṣe. Á lọ gbá ẹ̀yìn ọ̀fun, á lẹ̀ mọ́bẹ̀, ẹ ó sì gbé e mì. Ọwọ́ lè máa gbọ̀n, ọkàn lè máa lù kìkì, síbẹ̀ àyà ò ní tú.

Lẹ́yìn náà, ẹ di èémí mú, kí ẹ ka 1 dé 10 lọ́kàn. Ìgbà yẹn loògùn ń rí àyè jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí dókítà bá ní títẹ̀ méjì, ẹ dúró fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ tún un gbọ̀n, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ ṣíì-ṣíì lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀yin tí tiyín jẹ́ oníyẹ̀fun, irú Diskus tàbí Turbuhaler, òdìkejì ni tiyín. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ yára fà á, kí ẹ sì fi agbára fà á, torí èémí yín gan-an ló ń gbé ìyẹ̀fun yẹn jáde. Ẹ má sì mí sínú rẹ̀, torí ọ̀rinrin á mú kó dì.

Ọmọdé ò lè ṣe gbogbo èyí, àgbàlagbà púpọ̀ náà ò sì lè ṣe é. Ohun tó ń jẹ́ spacer, ike oníhò tí wọ́n ń fi sáàárín ìnhélà àti ẹnu, ló kàn fún wọn. Bó bá wọ́n jù, àwọn dókítà nílùú Cape Town ti fi ìgò ike 500 mílílítà dán an wò lára àwọn ọmọ tí ikọ́ fée ń dà láàmú, ó sì ṣiṣẹ́ bí èyí tí wọ́n ń tà. Ẹ gé ìdí ìgò náà bí ẹnu ìnhélà ṣe rí gẹ́lẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má lè sá, kí ọmọ wá máa mí láti ẹnu ìgò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó mí wọlé-jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ MÁ fi aṣọ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ń nù ún, ike yẹn á máa fa oògùn mọ́ ara, bí kóòmù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yarun ṣe ń fa bébà.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Láti ọdún 2023 tí GSK, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Fẹ́ǹtólìn, ti kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, owó ìnhélà ti fò sókè, ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń ra búlúù nìkan, wọ́n ń fi búráùn, ìnhélà kejì tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, sílẹ̀. Àṣìṣe ńlá! Búlúù, salbutamol, ń tú àyà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n bíi wákàtí 4 sí 6 ni agbára rẹ̀ mọ. Kò fọwọ́ kan wíwú tó wà nínú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ búráùn, tó ní steroid, nìyẹn, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó rí ipa rẹ̀ dáadáa. Ọdún 2019 ni àwọn Global Initiative for Asthma, àwọn onímọ̀ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ikọ́ fée fún gbogbo ayé, ti sọ pé kí wọ́n má fi búlúù nìkan tọ́jú àgbàlagbà tàbí ọmọ tó ti tó ọdún 12 mọ́. Tí ẹ bá ń lo búlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ara yín ò tíì balẹ̀. Ẹni tó ń ra agolo búlúù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún ń sún mọ́ ewu.

Tí ẹ bá lo búráùn tán, ẹ yọ omi sẹ́nu, ẹ fi gbọ̀n ọ̀fun gàrà-gàrà, kí ẹ tu ú dànù. Àìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń fa nǹkan funfun lórí ahọ́n àti ohùn tó há. Bó bá sì jẹ́ agolo títẹ̀ 200, tí ẹ ń tẹ méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, ọjọ́ 50 ló máa tán. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀. Ká jù ú sínú omi wò bóyá á léfòó, irọ́ ni, kò sọ nǹkankan.

Tí àyà bá wá há gan-an ńkọ́? Ẹ jókòó ṣánṣán, ẹ má dùbúlẹ̀. Búlúù ni kí ẹ lò, títẹ̀ kan ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan síra, títí dé 10. Bí kò bá rọlẹ̀, ilé ìwòsàn yá. Tí ẹ ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí, tàbí tí ètè bá ń ṣú, ẹ má ka nǹkankan, ẹ máa lọ, kí ẹ sì máa lo búlúù náà lójú ọ̀nà.

Ó kan ẹ̀yin tó ń mu sìgá. Èéfín sìgá máa ń sọ agbára búráùn di aláìlera, nítorí náà owó tí ẹ ń ná lé e lórí, sìgá ń jẹ nínú rẹ̀. Ṣíngọ́ọ̀mù níkótíìnì, tó ń ranni lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá, wà, ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹ ẹ́: wọ́n ń jẹ ẹ́ pàlàpàlà bíi ṣíngọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé! Níkótíìnì tí ẹ bá gbé mì, ẹ̀dọ̀ máa ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀ run, ohun tí ẹ ó rí ni òsúkè àti àyà títa. Ẹ̀RẸ̀KẸ́ ni kó ti wọlé. Ẹ rọra jẹ ẹ́ títí á fi ta yín lẹ́nu bí ata, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ tì í sáàárín eyín àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí títa bá lọ, ẹ tún jẹ ẹ́ díẹ̀, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 nìyẹn. Ẹ má mu Coke tàbí kọfí ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, torí kíkan inú wọn kì í jẹ́ kí níkótíìnì gba inú ẹnu wọ ara.

Èyí tó jẹ́ mílígíráàmù 4 wà fún ẹni tó ń tan sìgá àkọ́kọ́ láàárín ìṣẹ́jú 30 tó bá jí. Àwọn yòókù, 2. Ní ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́, ẹyọ kan ní wákàtí 1 sí 2, kò gbọdọ̀ ju 24 lọ lóòjọ́. Àwọn tó ń lò ó mẹ́ta lóòjọ́, tí wọ́n wá ń sọ pé kò ṣiṣẹ́, ẹ ò tíì lò ó. Varenicline, oògùn oníhóró fún jíjáwọ́ nínú sìgá, náà wà, dókítà ló ń kọ ọ́, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tí ẹ dá láti jáwọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú ife omi kíkún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èébì á gbé yín.

Èyí tó kẹ́yìn yìí, àwọn tó ń kọ oògùn gan-an máa ń gbàgbé rẹ̀. Ṣé ẹ ń lo aminophylline tàbí theophylline, àwọn oògùn ikọ́ fée tí wọ́n máa ń gbé mì? Èéfín sìgá ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára lo oògùn yìí tán, ìdí nìyí tí iye tí wọ́n ń kọ fún amusìgá fi máa ń pọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jáwọ́, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra ṣe, láàárín ọ̀sẹ̀ kan oògùn á ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀: èébì, ọkàn tó ń sáré, kódà gìrì. Ṣíngọ́ọ̀mù ò dí i lọ́wọ́, torí èéfín ló fà á, kì í ṣe níkótíìnì. Dókítà lè ní láti yọ ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jáwọ́ fún un KÍ ọjọ́ náà tó pé.