Kẹ̀kẹ́ àti Ẹsẹ̀ Lójú Ọ̀nà Kan: Ohun tí Yr Wyddfa Kọ́ Mi

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ìsinmi Sátidé yín sílẹ̀ wá síbí. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa gígun kẹ̀kẹ́ lórí òkè, mo mọ̀ pé àwọn kan á máa bi ara wọn pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá lórí àpáta tí òjò kì í dá lórí rẹ̀. Òkè kan ṣoṣo ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ni mo mọ̀ dáadáa: Yr Wyddfa ní Wales, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Snowdon.

Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,085. Kò sí òkè tó ga tó o ní Wales, kò sì sí ní England náà. Ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ ni ibojì, òkìtì tí wọ́n kó lé òkú lórí. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ ní òmìrán kan tó ń jẹ́ Rhita ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni àwọn aláṣẹ ọgbà ìjọba tó yí òkè náà ká pinnu pé orúkọ Welsh ni àwọn á máa lò, Yr Wyddfa fún òkè, Eryri fún ọgbà. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ bí ẹni ń jẹ òkúta á mọ ìdí rẹ̀.

Láti ọdún 1896 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò lọ sórí rẹ̀. Torí náà, kì í ṣe àwọn akọni nìkan lẹ máa bá lókè. Ẹ máa bá ìyá arúgbó, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀dọ́ tó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ajá. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ lọ́dún kan lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Lọ́jọ́ Sátidé nígbà ooru, wọ́n máa ń tò sórí ìlà kí wọ́n tó lè fẹsẹ̀ kan ṣóńṣó orí òkè náà.

Ọ̀nà mẹ́fà tó gbajúmọ̀ ló gòkè náà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni kẹ̀kẹ́ lè gbà, ibí yìí lọ̀rọ̀ òfin sì ti wọlé. Ní England àti Wales, òfin ya ọ̀nà ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà ẹlẹ́ṣin. Ọdún 1968 ni wọ́n ṣe òfin tó gba àwa oníkẹ̀kẹ́ láyè láti máa gba ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, ṣùgbọ́n wọ́n fi gbólóhùn kan tì í: oníkẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ yà fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó gun ẹṣin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Òfin ò ní ká jọ pín ọ̀nà lọ́gbọọgba. Àlejò ni wá lójú ọ̀nà náà.

Ọ̀nà Llanberis, tó gbéra láti abúlé Llanberis nísàlẹ̀ òkè, tí mo sì sábà máa ń gbà, jẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́ṣin. Òun ló gùn jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nǹkan bíi máìlì mẹ́rin àbọ̀ sí òkè, òun náà ló sì rọrùn jù fún ẹsẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà gan-an ni èrò pọ̀ sí jù.

Bàbá wa máa ń sọ pé ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Llanberis kì í ṣe ojú ọ̀run. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn méjì ò lè kọjá lára wọn kí ọ̀kan má dúró.

Ohun tí àwọn aláṣẹ àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ wá fẹnu kò sí nìyí: láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún títí dé ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹsàn-án, oníkẹ̀kẹ́ kò ní gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè náà tàbí sọ̀kalẹ̀ láti ibẹ̀ láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́. Àdéhùn ni, kì í ṣe òfin.

Èmi náà ti ba àdéhùn yẹn jẹ́ rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, oṣù Kẹjọ ni, mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nǹkan bí aago 12 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mi tuntun, búréèkì rẹ̀ mú, orí mi wú. Mo yọ sí kọ́nà kan, mo bá bàbá kan tó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré kọ́ ọrùn. Mo tẹ búréèkì pa, táyà ẹ̀yìn yọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ta sí wọn lára. Mo dúró. N ò fara kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ike omi bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ń yí gbirigbiri lọ nísàlẹ̀, ọmọ náà sì fi ọwọ́ méjèèjì di irun bàbá rẹ̀ mú. Bàbá náà ò bú mi. Ó kàn gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí mi, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Mo ní "ẹ má bínú" bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó mi orí. Títí mo fi délẹ̀, mi ò lè gun kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́, ọwọ́ ni mo fi ń tì í.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ìpayà pẹ̀lú jẹ́ ìpalára. Oníkẹ̀kẹ́ á ní, "Mo ti dúró, kò ṣe é ní nǹkan kan." Ẹni tó ń rìn ò mọ̀ pé búréèkì rẹ mú. Ohun tó rí ni irin àti ènìyàn tó ń já bọ̀ wá bá a, ọ̀gbun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ náà ní tirẹ̀. Táyà tí wọ́n bá tẹ búréèkì pa mọ́lẹ̀ máa ń fa ilà sójú ọ̀nà. Òjò tó ń rọ̀ lórí òkè yẹn lọ́dún kan ju mílímítà 3,000 lọ, omi á sì wá ilà yẹn rí, á máa gbẹ́ ẹ títí á fi di kòtò. Wọ́n to òkúta dábùú ọ̀nà kí omi lè ya sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn òkúta yẹn náà ló ń bẹ́ táyà wa. Oníkẹ̀kẹ́ tí kò bá fẹ́ kí táyà bẹ́ á yà gba orí koríko, koríko á kú, ọ̀nà á fẹ̀. Ká má parọ́, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà tí wọ́n bá ń sá fún ẹrọ̀fọ̀, wọ́n sì pọ̀ jù wá lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n òdòdó kan wà lórí àwọn òkè yẹn, òdòdó lílì Snowdon, tí kò hù níbòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Bìrìtìkó. Kò béèrè bóyá táyà ni àbí bàtà.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí Amẹ́ríkà díẹ̀. Òkè Tamalpais wà ní California, ní àríwá San Francisco. Agbègbè ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ òkè ti di ohun tí ayé mọ̀. Lọ́dún 1976, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ ìdíje lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nítòsí Fairfax, orí ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì gùn. Búréèkì inú táyà ẹ̀yìn á gbóná débi pé gíríìsì á jó tán, wọ́n á tún kó òmíràn sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ ní Repack. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Joe Breeze, ọ̀kan nínú wọn, fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe férémù tuntun fún irú eré yẹn. Ibẹ̀ kan náà ni ìjà arìnnà àti oníkẹ̀kẹ́ ti gbóná gan-an. Wọ́n fi ìwọ̀n sí eré, máìlì 15 ní wákàtí kan, títí di òní ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró lórí òkè náà ni kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ wọ̀. Ibi tí wọ́n ti bí kẹ̀kẹ́ òkè ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn! Ó ń dùn mí tí mo bá rántí.

Arákùnrin kan béèrè lẹ́yìn tí mo sọ èyí tán pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí òfin bá ti fún mi láyè, ta ló máa dá mi dúró ní aago 12?" Mo dá a lóhùn pé kò sẹ́ni tó máa dá a dúró. Kò sí ọlọ́pàá lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ọgbà lágbára lábẹ́ òfin láti ti ọ̀nà mọ́ kẹ̀kẹ́, ohun tó sì ń mú kí wọ́n má lò ó ni pé a ń pa ọ̀rọ̀ wa mọ́. Tí ọmọ ẹlòmíràn bá ṣubú lọ́jọ́ kan nítorí tìrẹ, àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ ló máa jẹ gbèsè náà. Arábìnrin kan wá fi kún un pé àwọn tó máa gbé ẹni tó bá fara pa sọ̀kalẹ̀, ẹgbẹ́ olùdóòlà òkè ní Llanberis, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, ibi iṣẹ́ tàbí orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń dìde. Ó ṣeun tó rán wa létí.

Ẹ̀yin tó rò pé àdéhùn yìí gba ayọ̀ lọ́wọ́ wa, ẹ lọ wo òkè náà láàárọ̀ kùtù. Nínú oṣù Kẹfà, oòrùn máa ń yọ kí aago 5 tó lù. A máa ń kúrò nísàlẹ̀ ní aago 4 pẹ̀lú iná lórí akoto. Ibi tó bá ga jù, a ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, ẹ ó máa gbọ́ mímí ara yín. Ní Bwlch Glas, níbi òkúta gíga tí wọ́n nà ró bí òpó, àwọn ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa ń pàdé. Ìkùukùu á wà nísàlẹ̀ yín bí òwú tí wọ́n tú sáwo. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó máa sọ̀kalẹ̀, ojú ọ̀nà á ṣófo, ìka méjì péré á wà lórí búréèkì.

Nígbà tó bá fi máa di aago 7, àwọn arìnnà àkọ́kọ́ á ti máa gòkè bọ̀. Tí mo bá ti rí fìlà ẹnì kan, mo ti dúró, ẹsẹ̀ mi ti wà nílẹ̀, mo sì ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò kí wọn láti orí kẹ̀kẹ́ tó ń rìn. "Bore da" ni wọ́n ń pe ẹ káàárọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá kí àgbà Welsh bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa tú ká. Ìyá àgbà kan sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé òun ò bá oníkẹ̀kẹ́ tó dúró títí òun fi kọjá pàdé rí. Mo sọ fún un pé nílé wa, ọmọdé kì í sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà.

Àwọn tó fẹ́ bá wa lọ lóṣù Kẹfà, ẹ mú tíúbù méjì, iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ̀wù òjò kódà bí oòrùn bá ń ràn nílé, àti agogo lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. A ó pàdé ní Llanberis ní aago 3 ààbọ̀ òru. Aago 10 ò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni nínú wa lójú ọ̀nà náà.