Ẹ fa apátí, ìbọn ò dún: kí ló ń ṣe Lee-Enfield yín?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Súrúlérè la wà níbí, ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ lẹ́yìn yẹn, kò síná látàárọ̀. Ọ̀rọ̀ ìbọn la fẹ́ sọ lónìí, Lee-Enfield, ìbọn òyìnbó àtijọ́ tí wọ́n máa ń fọwọ́ fa bọ́ọ̀tì ẹ̀, ìyẹn irin tó ń dí ìdí ọta, sẹ́yìn, kí wọ́n tún tì í síwájú, kó tó lè yìn. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣọdẹ ní Kánádà, tó sì ní láísẹ́ńsì ẹ̀, ló pè mí lórí WhatsApp pé òun dojú Lee-Enfield òun kọ àgbọ̀nrín, òun fa apátí, ó kàn ṣe "kẹ́", kò dún, àgbọ̀nrín sì bá tiẹ̀ lọ. Ó ní ṣé ìbọn ti kú ni.

Kò kú. Lee-Enfield kì í tètè kú. Òun làwọn sójà wa gbé lọ sí ogun Bọ́mà, ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Sójà Ìdúmọ̀tà lẹ́nu àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó á mọ àwọn tí mò ń wí, àwọn Canadian Rangers, ìyẹn àwọn ológun Kánádà tó ń ṣọ́ ibi jíjìnnà, náà lò ó láti 1947 fún bíi 70 ọdún nínú yìnyín. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o: nílé níbí, Firearms Act ti 1959 ò gbà kéèyàn gbé ìbọn láìníwèé, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ níwèé ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun àkọ́kọ́, tí ìbọn bá ṣe "kẹ́", ẹ má ṣí bọ́ọ̀tì! Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn ṣì kọjú síbi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, kẹ́ ẹ ka 30 sẹ́kọ́ǹdì ó kéré tán, àwọn míì tiẹ̀ máa ń ka 60. Ìdí ni pé práímà, ìyẹn ohun kékeré tó wà ní ìdí ọta tó ń tanná sí ẹ̀tù, lè ti gbiná, kí ẹ̀tù inú ọta má tíì gbiná, ó ń jó lábẹ́lẹ̀, tó bá wá bú nígbà tẹ́ ẹ ti ṣí bọ́ọ̀tì, kò sí nǹkan tó di ìdí ọta mú mọ́, idẹ tó jẹ́ ara ọta á fọ́ sí yín lójú. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, ìbọn ní apátí kò ní apátí, ta ní máa jẹ́ kí wọ́n dojú ẹ̀ kọ òun? Tó bá sì jẹ́ "pọ́" kékeré ló dún, bí ẹni ṣí ìdérí ìgò, ẹ má yìn ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, orí ọta lè ti há sínú ọ̀pá ìbọn, ẹ yẹ inú ẹ̀ wò.

Lẹ́yìn yẹn ẹ yọ ọta, kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ lọ bá mẹkáníìkì gidi, plọ́ọ̀gì ló máa kọ́kọ́ tú, á wò ó bóyá ó dú ni àbí ó tutù, kó tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Práímà ni plọ́ọ̀gì tiyín. Tí ojú ibi tí abẹ́rẹ́ (irin ṣóńṣó inú bọ́ọ̀tì tó ń gún práímà) gún bá jìn dáadáa tí ọta ò sì dún, ọta lẹjọ́ wà lọ́rùn ẹ̀, ó lè ti gbó, ó lè ti fa omi, ẹ gbìyànjú ọta tuntun. Tó bá kàn rí bí ẹni fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ìbọn lẹjọ́ wà lọ́rùn ẹ̀.

Gíríìsì lẹ máa kọ́kọ́ fura sí, mo lè búra fún un. Àwọn ológun máa ń fi gíríìsì kun ìbọn kí wọ́n tó kó o pamọ́, èyí tó sì wọ inú bọ́ọ̀tì á dì bí ẹ̀kọ tútù, pàápàá nínú òtútù Kánádà, abẹ́rẹ́ ò ní lè sáré mọ́, ó máa rọra wọ́ bọ̀ ni. Ẹ fi kẹrosín fọ inú ẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á lára, fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo wí o, torí ọ́ìlì tó pọ̀ jù á tún dì padà. Fún abẹ́rẹ́ Lee-Enfield, ó ní irinṣẹ́ tiẹ̀ tí wọ́n fi ń tú u, ẹ má fi ẹ̀mú fi ipá yí i, torí gígùn tó fi yọ síta, bíi mílímítà kan lé díẹ̀, ibẹ̀ gan-an lẹ máa dàrú. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tí kò yí padà, sípíríǹgì ti rẹ̀ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ tún rí i pé ẹ ti ọwọ́ bọ́ọ̀tì wálẹ̀ tán, tó bá ku díẹ̀, agbára tó yẹ kí abẹ́rẹ́ fi gún práímà, bọ́ọ̀tì ló máa fi ti ara ẹ̀ pa.

Èyí tó kù, ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín bọ́ọ̀tì àti ìdí ọta. Tí àlàfo yẹn bá fẹ̀ jù, ọta á sá síwájú fún abẹ́rẹ́. Orí bọ́ọ̀tì No. 4, ìyẹn irú Lee-Enfield kan, ní nọ́ńbà, 0 dé 3, wọ́n fi ń dín àlàfo yẹn kù, ṣùgbọ́n géèjì, irin tí wọ́n fi ń wọn àlàfo náà, ló ń sọ èyí tó yẹ, kì í ṣe ojú. Ẹ sì má gbé bọ́ọ̀tì ìbọn kan sínú òmíì, nọ́ńbà ara bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti ara ìbọn mu.

Ti ẹ̀gbọ́n mi, gíríìsì ni, dúdú kìjikìji, ó ní òun fọ omi mẹ́ta kó tó mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò, ó wá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: idẹ mẹ́wàá lórí tábìlì, ojú abẹ́rẹ́ jìn lára gbogbo wọn, àárín gan-an ló sì gún.